Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tonton Yacoub

"Ẹnu fèrè nìkan?" Chérifou tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ṣé kò yé yín ni? Fèrè tuntun ló wà níbẹ̀. Fèrè tó ń dán."

Abẹ́ igi kajú tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ orin kékeré wọn ní Tchaourou ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Olùkọ́ wọn, Tonton Yacoub bí wọ́n ṣe ń pè é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé òun ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin ńlá kan ní Parakou. Kò sọ ìdí. Gbólóhùn kan ló fi sílẹ̀: "Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé mi, kó mú ẹnu fèrè rẹ̀ wá. Ẹnu fèrè nìkan." Ẹnu fèrè ni irin kékeré tó ṣeé yọ, èyí tí à ń gbé sí ètè kí fèrè idẹ tó lè dún. Fèrè fúnra rẹ̀, ti ilé-ẹ̀kọ́ ni.

Tí Tonton Yacoub bá ń fọn fèrè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì á wú rọ̀bọ̀tọ̀, bí ẹni tó fi ọsàn méjì sẹ́nu. Àwọn ìyá ọlọ́mọ á gbé ọmọ wọn sókè kí wọ́n lè rí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ̀gá ní Tchaourou. Chérifou ti fẹ́ tirẹ̀ títí tó fi jọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké lẹ́yìn òjò, inú rẹ̀ sì ń dùn. Raoudath, ọmọbìnrin tó mọ fèrè fọn jù wọ́n lọ, kì í jáde láàárọ̀ láìfẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ níwájú dígí, á sì máa wo ara rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bí ìyàwó tuntun.

Òun náà ni wọ́n yàn pé kó dá fèrè fọn lọ́jọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè wọn, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, lójú gbogbo ìlú. Tó bá tẹ̀lé tonton, ipò yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kì í lè sùn lórí ìbéèrè ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnu fèrè nìkan?

"Lọ wò ó fún wa," ni Chérifou wí. "Tí àwọn fèrè náà bá ń dán, gbogbo wa là ń lọ. Mo ti ní kí télọ̀ bẹ̀rẹ̀ aṣọ mi, pẹ̀lú okùn aláwọ̀ wúrà léjìká."

"Aṣọ ibi tó ò tíì dé?" Raoudath bi í.

"Aṣọ ló ń ṣáájú ẹni dé ibẹ̀."

Ọ̀nà là nígbà tí Sakinatou, ìyá Raoudath, fẹ́ fi iṣu ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, Tata Habibath, ní Parakou. Kó tó parí ọ̀rọ̀, Raoudath ti gbé iṣu sórí.

Nígbà tó dé ilé-ẹ̀kọ́ ńlá náà, ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe orin. Ó dún bí eṣinṣin tó há sínú agolo. Ó yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọmọdé tò sórí bẹ́ǹṣì, oníkálukú gbé ẹnu fèrè sí ètè, kò sí fèrè kankan nídìí rẹ̀. Láàárín wọn, pẹ̀lú orúnkún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n nítorí bẹ́ǹṣì náà kúrú, Tonton Yacoub ló jókòó.

Olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin tí tonton lè bí lọ́mọ, fi ìka kan kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. "Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín tún ti jí."

"Ẹ má bínú, madame."

Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Raoudath náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

Tonton bá a níta. "O rí mi."

"Mo rí yín, tonton. Ṣùgbọ́n a rò pé olùkọ́ lẹ wá ṣe níbí."

"Láàárọ̀, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń tò rìn. Lọ́sàn-án, èmi ni wọ́n ń kọ́." Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Wíwú yìí, àṣìṣe ni. Ó ń gba agbára lọ́wọ́ ètè, ó sì ń jẹ èémí tó yẹ kó wọ inú fèrè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fọn níwájú wọn níbí, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀, wọ́n wá rọra bi mí pé ta ló kọ́ mi."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Ojú tì mí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wẹ̀yìn, Raoudath, ẹ̀yin ni mo rí, gbogbo yín pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lójú."

"Ìgbà wo la máa wá fọwọ́ kan fèrè?"

"Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá gbàgbé wíwú; ẹnu fèrè nìkan la fi ń kọ́ ètè títí dìgbà yẹn. Ó lè pẹ́."

Nígbà tó padà délé, abẹ́ igi kajú ni Chérifou ti ń dúró dè é. "Ṣé wọ́n ń dán?"

Ìtàn bẹ́ǹṣì kúkúrú náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Tó bá sọ ọ́, wọn á fi tonton rẹ́rìn-ín títí òjò ọdún yìí á fi dá, òun á sì wà nípò òun láìsí ẹni tó máa bi òun ní nǹkan. Ó gbé e mì.

"Kò sí fèrè níbẹ̀," ló wí. "Ìbẹ̀rẹ̀ la máa padà sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí à ń fẹ́ yìí ò dáa."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí?" Chérifou fẹ́ ẹ kí gbogbo wọn rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi ṣubú lórí gbòǹgbò.

"Èmi ń lọ. Chérifou, ìwọ ni kó o dá fọn."

Ẹ̀rín Chérifou dákẹ́ kíá. Ó ní òun gbà, kí Raoudath má baà yí ọkàn padà.

Ìyá Raoudath ò rí orí ọ̀rọ̀ náà. "O fi fèrè sílẹ̀, o fẹ́ lọ máa kùn bí eṣinṣin nílé Habibath jálẹ̀ ọlidé?" Ṣùgbọ́n ó di gàrí fún un.

Lọ́jọ́ òmìnira, Raoudath wá sílé, ó dúró láàárín èrò pẹ̀lú ẹnu fèrè nínú àpò. Chérifou kọjá nínú aṣọ olókùn wúrà rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí òṣùpá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. Ìlara bu Raoudath jẹ, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ pé kò bu òun jẹ. Nígbà tí orin dé òkè pátápátá, ohùn fèrè náà rọ̀, ó yẹ̀, ó wó díẹ̀. Èrò ò gbọ́ ọ, wọ́n ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Chérifou gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ sá wá Raoudath láàárín èrò.

Àtẹ́wọ́ ìlú lè wà fún àṣìṣe wa; ẹni tí ojú ò bá tì láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ló máa dé òkè tí à ń sọ.

Nígbà tí èrò túká, Chérifou wá bá a, ó ti gbé aṣọ olókùn wúrà náà kọ́ apá.

"Ẹnu fèrè nìkan ni wọ́n ní ká mú wá, àbí?"