Omi Tí Bàbá Phulwa Mu

Níbi kànga abúlé Semra ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé. Àwọn olùkórè láti abúlé Bijora wá gé àlìkámà, Phulwa sì wà lára wọn. Ó bá ọkùnrin kan láàárín àwọn obìnrin, tó ń fa okùn kànga.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìyàwó yín ń sùn ni?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wo?" ọkùnrin náà, Halke, dá a lóhùn. "Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún abúlé tí kò ní ẹ̀rọ omi? Ẹ̀yìn ń dun ìyá mi. Èmi gan-an ni ìyàwó ilé wa."

Phulwa rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n tó kórè tán, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára.

Gorelal, bàbá Phulwa, kọ̀ jálẹ̀. "Abúlé tí ọ̀nà kò dé, tí kò ní dókítà? Kí ọmọ mi máa ru omi títí ọrùn rẹ̀ yóò fi wọlé sínú?"

"Bàbá, òun ló ń pọn omi ilé wọn."

"Gbogbo ọkùnrin ló ń pọn omi kí ìyàwó tó dé."

Phulwa sunkún títí bàbá fi gbà láti lọ wo ilé náà.

Ní ilẹ̀ wọn, bàbá tí yóò fi ọmọ fún ilé kan kì í jẹ, kì í mu níbẹ̀ láéláé. A kì í fi ọmọ tọrẹ ká tún gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí a fún. Bí ó bá ti fẹnu kan omi wọn, kò lè fi ọmọ síbẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni Gorelal ṣe gbé omi tirẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í dé Semra. Oòrùn ń jó bí iná, omi rẹ̀ sì tán lójú ọ̀nà.

Ó jókòó lórí ibùsùn olókùn níta ilé Halke. Ó wo ilé, ó wo màlúù, ó wo Halke.

"Ìwọ lo pọn gbogbo omi yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Bí ìyàwó bá dé ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Gorelal rẹ́rìn-ín. "Ó dára. Ẹ pe àwọn àgbà yín wá, ká sọ̀rọ̀."

Ó dìde, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Òógùn kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Ìyá Halke di apá ọmọ rẹ̀ mú. "Da omi sí i lára! Má fi kàn án lẹ́nu, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́!"

Wọ́n dà á sí i lára. Ẹnu bàbá ṣì ń wá omi kiri bí ẹnu ọmọ ọwọ́. Halke wo ojú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń gbé omi ibòmíràn bọ̀. Ó gbé orí bàbá lé itan, ó sì fún un mu, díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Gorelal jókòó. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, o gba ẹ̀mí mi là. Ṣùgbọ́n mo ti mu omi ilé yín."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Phulwa wá Halke dé ọjà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, nídìí àwọn tó ń ta ata gbígbẹ.

"Àbí o kò mọ àṣà wa ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O sì fún un?"

"Bàbá ẹ ni, Phulwa."

Phulwa fi etí aṣọ nu ojú. "Ká ní o kò fún un ni, n kò ní lè fẹ́ ọ. O wá fún un, wọn ò jẹ́ kí n fẹ́ ọ. Olólùfẹ́ mi, kí ni à bá ti ṣe?"



Wọ́n fi Phulwa fún ọkùnrin kan ní abúlé tí ẹ̀rọ omi wà láàárín àgbàlá. Gorelal kò tọ́ nǹkan kan wò nínú ilé yẹn rí. Ilé Halke ló ń wá lẹ́yìn ìkórè lọ́dọọdún. Níbẹ̀ ló ti ń jẹ róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, tó ń mu omi, tó ń pe Halke lọ́mọ. Halke kò gbé ìyàwó.

Bí àwo bàbá bá fẹ́ ṣófo, Halke á béèrè nǹkan kan ṣoṣo.

"Ṣé ara Phulwa le?"

"Ó le."

Halke á sì tún bu ọbẹ̀ sí i fún un.