Ohun Tí Zenilda Sọ Níwájú Dókítà

Ẹsẹ̀ ni Zenilda kọ́kọ́ mọ̀ lára ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ojú, kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ tí ọ̀dà dúdú ti bò, tó já wọlé láti òkè àjà ilé ìdáná bàbá rẹ̀ ní ìlú Brockton nílẹ̀ òyìnbó, níbi tó ti ń ro ìkòkò kàṣúpà, oúnjẹ Kepu Fádè, lọ́wọ́. Èérún àjà dà sórí àgbàdo, ó dà sórí ẹ̀wà, ẹsẹ̀ náà sì ń jù fìrìfìrì lókè, ó ń wá ibi tó máa tẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Zenilda pariwo.

"Èmi ni," ohùn kan dáhùn láti òkè ní èdè Kiriolu tí wọ́n ń sọ ní Kepu Fádè, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé ìdáná nìyí àbí ilé ìwẹ̀?"

"Ilé ìdáná ni!"

"Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run."

Kó tó parí ọpẹ́, ìyókù ara rẹ̀ ti tẹ̀lé ẹsẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn gbá etí tábìlì, ó nà gbalaja sílẹ̀. Ó la ojú, ó wo Zenilda, ó fa imú.

"Kàṣúpà nìyí?" ó bi í. "Mo rò pé mo ti kú ni, tí mo ti dé ilé ìyá mi."

Bàbá Hermínio, bàbá Zenilda, sáré wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. "Òrùlé ni mo ní kí wọ́n bá mi tún ṣe! Mi ò ní kí wọ́n ju ọkùnrin lù mí nínú ilé!"

Adérito lorúkọ rẹ̀. Ọmọ erékùṣù Fogo ní Kepu Fádè ni, iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe. Ní ọjọ́ kejì, ó padà wá dí ihò àjà. Ihò tí èèyàn lè dí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, Adérito ń dí i, ó ń dí i, títí òjò dídì ìgbà òtútù fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá dí i lónìí, á ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, á tún tú u lọ́la. Zenilda náà ò sọ pé kó yára. Ó ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá gbọ́ tí àkàbà bá dún lẹ́yìnkùlé, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì.

"Ará erékùṣù Brava ni wá," Bàbá Hermínio ń kìlọ̀ fún un. "Àwọn ará Fogo yẹn, orí wọn le bí òkè tó ń yọná nílùú wọn. Àti pé kò ní ìwé! Fisa tó fi wọlé ti kú tipẹ́."

"Bàbá, Brockton ni wọ́n bí mi sí. Bó bá fẹ́ mi, á ní ìwé."

"Ìwé ló fẹ́ fẹ́ nìyẹn!"

"Bàbá, ṣé ìwé ló ń bá yín jókòó nílé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń bá yín ta káàdì?"

Bàbá Hermínio kàn ń to káàdì rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, torí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Zenilda nìkan ló bí, Zenilda nìkan ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀. Láti ìgbà tí Adérito sì ti dé, bàbá ti rí ẹni tó ń jẹ nídìí káàdì lójoojúmọ́. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí òdòdó tún yọ, bàbá ló sì sunkún jù.

Wọ́n kọ̀wé sí àwọn ìmígíréṣọ̀n pé kí wọ́n fún Adérito ní gíríìn káàdì, ìwé ìgbélùú. Èsì dé: ó kù kí dókítà tí ìjọba fọwọ́ sí yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Zenilda jẹ́ fún yín. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ dalẹ́, ìjà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn arúgbó ò ju ọ̀kan lọ: "Màmá, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ mutí lánàá! Ẹ sọ ọ́! Bàbá, ẹ yọ oògùn yẹn lábẹ́ ìrọ̀rí, kí dókítà rí i!" Ó ti rí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ fún dókítà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde lórí ibùsùn. Lójú tirẹ̀, gbogbo ohun tó bá wà nínú èèyàn, níwájú dókítà ni kó tú u sí.

Ẹ̀yìn tí Adérito fi gbá tábìlì lọ́jọ́ yẹn kò sì jinná mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìrora á gbé e dìde, á máa rìn káàkiri yàrá bí olóde. Ni Zenilda bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra súìtì igbó fún un. Ẹ má ranjú mọ́ mi! Ìpínlẹ̀ wọn ti fi òfin gbà á láyè. Ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà lójú títì ńlá, ọlọ́pàá á kọjá, á juwọ́ sí wọn. Bí Adérito bá ti jẹ ìlàjì ẹyọ kan, á sùn fọnfọn bí ọmọ tuntun.

Dókítà Lakatos ni dókítà ìjọba, àgbàlagbà kan báyìí tí irun etí rẹ̀ funfun. Adérito ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, torí náà Zenilda ni ògbufọ̀. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀, ó gba ìtọ̀, ó ya àwòrán àyà rẹ̀ nítorí ikọ́ ife, ó gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lápá méjèèjì. Nígbà tí wọ́n padà lọ gbọ́ èsì, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere. Ó ku ìbéèrè díẹ̀.

"Ṣé ó ti gbìyànjú láti ṣe ara rẹ̀ léṣe rí?"

"Rárá, dókítà," Zenilda dáhùn. "Ó já láti òrùlé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èmi ló rí fẹ́ níbẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Oògùn olóró ńkọ́?"

Zenilda tú u sí Kiriolu. Adérito gbọn orí, ó ní, "Rárá."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ká ní Zenilda gbé ọ̀rọ̀ kan yẹn kọjá orí tábìlì fún dókítà ni, ilé ni wọn ì bá gbà lọ, wọn ì bá sì máa jẹun. Ṣùgbọ́n Zenilda kojú sí ọkọ rẹ̀.

"Sọ òótọ́. Dókítà nìyí."

"Òótọ́ ni mo sọ. Mi ò lo oògùn olóró."

"Súìtì yẹn ńkọ́?"

"Zeni, súìtì ni."

"Igbó wà nínú ẹ̀. Tó bá wá kọ oògùn tí yóò bá a jà nínú ara ẹ ńkọ́?" Ó yíjú sí dókítà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọkọ mi gbàgbé ni, sà. Ó máa ń jẹ súìtì igbó nítorí ẹ̀yìn rẹ̀."

Bírò dókítà dúró. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé, ó wo Zenilda.

"Màdáámù," ó ní, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, "etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Mo rí i tí ọkọ yín gbọn orí. Rárá ló ní, àbí? Ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn."

Áà! Arúgbó tí etí rẹ̀ ti di, ta ló mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀ bíi Zenilda? Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ ká ẹnu sí etí dókítà.

"SÚÌTÌ IGBÓ, DÓKÍTÀ! LÁLAALẸ́! ÈMI NI MO Ń RÀ Á FÚN UN!"

Nọ́ọ̀sì ojú ọ̀nà gbọ́. Àwọn tó jókòó níta gbọ́. Adérito, tí kò gbọ́ òyìnbó, rí i pé ìyàwó òun ń sọ̀rọ̀ òun pẹ̀lú ìgboyà, ó sì ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Màdáámù, mo gbọ́ ti àkọ́kọ́."

"Òfin gbà á láyè, sà."

"Òfin ìpínlẹ̀ wa. Ti ìjọba àpapọ̀ ò gbà á, ọ̀dọ̀ wọn ni gíríìn káàdì sì ti ń wá. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò lè yege lọ́wọ́ mi títí ọdún kan á fi kọjá tí kò fọwọ́ kàn án."

"Ṣebí dókítà ni yín!"

"Dókítà ni mí. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni dókítà yín. Ojú ìjọba ni mí nínú yàrá yìí." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìdí tí mo fi bi yín lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Ìgbà yẹn ló tó yé Zenilda pé etí ọkùnrin yìí ò ní àrùn kankan. Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún wọn, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í gbàgà.

Nínú ọkọ̀, Adérito ń fọwọ́ pa apá níbi tí abẹ́rẹ́ ti wú. "Kí ni bàbá yẹn sọ?"

"Ó ní... ó ní ara ẹ le."

"Mo mọ̀! Ẹran ewúrẹ́ la máa jẹ lónìí!"

Zenilda dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, fèrè ọkọ̀ ń ké, òun náà ń ké.

Lọ́yà tí wọ́n lọ bá kò fi dídùn kún un. Àwọn ìmígíréṣọ̀n ò ní dúró fún ọdún kan. Wọn ò ní gba ẹ̀bẹ̀ gíríìn káàdì yìí wọlé, wọ́n á sì pe Adérito sí iwájú adájọ́. Ẹ̀bẹ̀ fún àforíjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí adájọ́ bá lé e, nǹkan á burú sí i. Bó bá sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, pẹ̀lú bó ṣe pẹ́ tó nílùú láìní fisa, ọdún mẹ́wàá ni kò fi ní lè padà wọlé.

"Ẹ lọ bá dókítà míì!" Bàbá Hermínio lu tábìlì. "Kó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ igbó! Ẹ purọ́! Ta ni kì í purọ́?"

Zenilda, ọmọ òtítọ́, ti gbé fóònù. "Màá pè wọ́n báyìí. Adérito, wàá sọ pé rárá, màá tú u pé rárá."

Adérito gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ògbufọ̀ náà máa ń tọwọ́ bọ̀wé, Zeni. Orúkọ ẹ ti wà lọ́dọ̀ dókítà àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá mú wa, ìwọ ni wọ́n máa gbé. Ta ló máa gbé bàbá lọ síbi ẹ̀rọ?"

"Ará Fogo olórí kunkun!" bàbá bú u, ó sì wọ yàrá lọ kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Adérito ò jẹ súìtì mọ́. Ó padà sí rírìn káàkiri yàrá. Zenilda á dùbúlẹ̀, á máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀bi á sì máa jẹ ẹ́ láyà bí iná. Ìwé àwọn ìmígíréṣọ̀n dé pé wọn ò gbà, ìpè adájọ́ tẹ̀lé e. Adérito ra tíkẹ́ẹ̀tì.

"Bú mi," Zenilda bẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń di ẹrù. "Ọlọ́run ò ní bínú. Pè mí ní òmùgọ̀. Ṣé o ò lẹ́nu ni?"

"Òyìnbó tí mo gbọ́ ò tó èébú. Kiriolu sì dùn jù, bí mo bá fi bú ẹ, á dà bí orin." Ó fà á mọ́ra. "Olólùfẹ́ mi, kò sẹ́ni tó tọ́jú mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìtọ́jú ló pa wá."

"Màá tẹ̀lé ẹ."

"Bàbá ńkọ́?"

Zenilda jókòó lé orí ẹrù náà. Irú ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá kò sí ní Fogo.

Ní pápákọ̀ òfurufú Boston, Bàbá Hermínio já báàgì gbà lọ́wọ́ àna rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e."

"Dákẹ́ jàre. Kíndìnrín mi ló kú, apá mi ò tíì kú."

Zenilda àti ọkọ rẹ̀ dì mọ́ra. "Má sunkún lójú àwọn ará Brava yìí," Adérito sọ sí i létí. "Wọ́n á ní ará Fogo ló lù ẹ́." Zenilda rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lára ọkọ rẹ̀. Adérito wọ ẹ̀yìn gíláàsì lọ níbi tí wọ́n ti ń yẹ èrò wò, èrò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Zenilda ò lè kúrò níbẹ̀. Bàbá ti jókòó. Ṣàdédé ni èrò yà sí méjì, ẹni kan sì ń sáré bọ̀, bẹ́líìtì lọ́wọ́ kan, ṣòkòtò tó ń já bọ́ lọ́wọ́ kejì. Adérito ni!

"Mo mọ̀!" Zenilda figbe ta, ó sáré pàdé rẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gba lọ́yà míì lọ́kàn, ó ti tún ìsàlẹ̀ ilé ṣe tí wọ́n á fi í pamọ́ sí, ó ti dárí ji ara rẹ̀. "Mo mọ̀ pé o ò ní lè lọ!"

Adérito ń mí hẹlẹ. Ó la àtẹ́lẹwọ́. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Ó wà lápò mi," ó ní. "Báwo lẹ ṣe fẹ́ délé? Bàbá á pẹ́ síbi ẹ̀rọ."

Zenilda wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo ojú rẹ̀. "Nǹkan tó mú ẹ padà nìyẹn nìkan?"

Adérito ò gbé ojú sókè. "Má bi mí lẹ́ẹ̀kejì, Zeni. Bí o bá bi mí, màá sọ òótọ́ fún ẹ, mi ò sì ní lè padà síbẹ̀ mọ́."

Ìbéèrè náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ níbi tó jókòó sí, báńdéèjì funfun lápá níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa ẹ̀jẹ̀, tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Zenilda gba kọ́kọ́rọ́. Kò bi í.