Lẹ́ńsì Tí Mo Dán Wò Lára Ìyàwó Mi

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo na ife tíì sí ìyàwó mi. Ó na ọwọ́ láti gbà á, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dé ibẹ̀. Àlàfo tó kù kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ó tún nà án, ó tún kù díẹ̀. A jọ wo ife náà, a jọ rẹ́rìn-ín.

"Sún mọ́ mi dáadáa jàre," ó ní. "Àbí o ti ń sá fún mi ni?"

Mo sún mọ́ ọn, ó gbà á. Mo gbé ṣọ́bìrì mi, mo lọ síbi iṣẹ́. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lébìrà ni mí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Mo ń kó iyanrìn, mo ń po sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ya fọ́tò fún ìgbádùn ara mi, débi pé "Fọ́tò" ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè mí. Kámẹ́rà onífíìmù kan ṣoṣo ni mo ní, inú balùwẹ̀ wa ni mo sì ti ń fọ fíìmù mi fúnra mi. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ a máa sáré pààrọ̀ kámẹ́rà. Èmi ti mọ̀ pé lẹ́ńsì ni ojú, pé kámẹ́rà kàn jẹ́ àpótí tí òkùnkùn wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́ńsì ni mo máa ń wá kiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn ni mo rí ọ̀kan rà lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì kó ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì níwájú ilé. Lẹ́ńsì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo gbé wọn sókè sí oòrùn láti mọ̀ bóyá èbu ti hù nínú gíláàsì. Mo yí òrùka wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi láti gbọ́ bóyá iyanrìn ti wọ inú wọn, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohùn iyanrìn bíi tèmi. Mẹ́ta kò dára. Ìkẹrin mọ́ bí omi inú àwo. Òrùka rẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ti mọ ọwọ́ mi tẹ́lẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin ni bàbá máa ń fi èyí yà?" mo bi í, kí a lè rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ó wo lẹ́ńsì náà fún ìgbà pípẹ́. "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

Mo rò pé ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni.

Lára òrùka irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà mítà sí i. Bí o bá yí i sí mítà méjì, ohun tó wà ní mítà méjì ni yóò hàn kedere, ìyókù á ṣú. Ní ìparí àwọn nọ́ńbà náà, àmì kan wà tó dà bí nọ́ńbà ẹẹ́jọ tó sùn sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó jìnnà ju gbogbo nọ́ńbà lọ.

Ẹni tó ti pẹ́ nídìí fọ́tò kì í gba lẹ́ńsì àlòkù gbọ́ láìdán an wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi téèpù ibi iṣẹ́ wọn mítà méjì gẹ́lẹ́ sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì ní kí ìyàwó mi wá jókòó síbẹ̀. Télọ̀ ni. Ó gbé aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ dání.

"Mo tún ti di ògiri nìyẹn," ó ní.

"Má mira."

"Lọ́jọ́ tí o bá máa yà mí nítorí pé mo rẹwà, jọ̀ọ́, ránṣẹ́ sí mi kí n wá wò ó."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti mítà méjì, nítorí ibẹ̀ ló jókòó sí. Mo tẹ kámẹ́rà. Mo yí òrùka síwájú ní ìwọ̀n irun orí kan, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe títí mo fi dé orí ẹẹ́jọ tó sùn. Fọ́tò mẹ́rìndínlógójì, ìyẹn odindi fíìmù kan. Ó yẹ kí àkọ́kọ́ hàn kedere, kí ìyókù máa ṣú lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo fọ fíìmù náà ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wọn ló hàn kedere. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ìgbà tí mo tẹ́ wọn sílẹ̀ ní tẹ̀léra ni orin náà dúró. Àga kò yí padà. Fèrèsé kò yí padà. Ìyàwó mi nìkan ló ń kéré sí i láti fọ́tò dé fọ́tò, lórí àga kan náà, bí ẹni tó ń jókòó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nínú èyí tó kẹ́yìn, kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ.

Mo sọ fún ara mi pé àléébù lẹ́ńsì ni. Àwa tí a fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí, a ní orúkọ fún gbogbo àléébù.

Ọjọ́ kejì ni ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi ife.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ń rí i tí ètè rẹ̀ ń mì kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo mọ irú rẹ̀. Bí bíríkìlà bá ń lu irin ní òdìkejì ibi iṣẹ́, a máa ń rí òòlù rẹ̀ kí ìró rẹ̀ tó dé etí wa. Ṣùgbọ́n inú yàrá kan náà ni àwa méjèèjì wà. Orí ibùsùn kan náà la ń sùn, n kò sì lè na ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo mú téèpù. Láti ẹsẹ̀ mi dé ẹsẹ̀ àga rẹ̀, mítà méjì. Mo wá na téèpù náà sí orúnkún rẹ̀. Irin orí rẹ̀ ń lọ, ó ń lọ, ó kọjá mítà méjì, ó kọjá mẹ́ta, kó tó kan aṣọ rẹ̀. Mo mú fọ́tò kẹwàá, mo gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Bákan náà ló rí: ọjọ́ kan, fọ́tò kan.

"Kí lo rí?" ó bi mí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó, ó ń yí òrùka ìgbéyàwó ìka rẹ̀ po.

"Ó dára bí o ṣe sọ ọ́," ó ní. "Lójú tèmi, ìwọ lo ń lọ. Èmi jókòó síbi tí mo wà. Mo ti rò pé o ti rí ẹlòmíràn ni."

Ó dùn mí ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún, n kò ronú kan ohun mìíràn. Bí lẹ́ńsì bá lè mú un lọ, lẹ́ńsì lè mú un padà. Mo ra fíìmù tuntun. Ìyàwó mi ti wà ní nǹkan bíi mítà márùn-ún, ó ń pariwo kí n lè gbọ́ ọ.

"Ṣé èyí á mú mi wálé?"

"Á mú ọ wálé."

"Dúró, jẹ́ kí n tún irun mi ṣe ná."

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ láti mítà márùn-ún tó wà, kí n máa bọ̀ sí méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ wó ògiri níbi iṣẹ́, láti òkè pátápátá la ti ń ṣí búlọ́ọ̀kù, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Mo yí òrùka lọ sí ẹẹ́jọ tó sùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti ibẹ̀, ní ìwọ̀n irun orí kọ̀ọ̀kan, títí fọ́tò mẹ́rìndínlógójì fi pé. Mo fọ̀ wọ́n. Wọ́n hàn kedere. Inú fọ́tò àkọ́kọ́, hóró ìrẹsì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni inú fọ́tò àkọ́kọ́ ni mo bá lórí àga.

Mo kúnlẹ̀ síwájú àga náà, mo pè é títí ohùn mi fi há. Ohun kékeré tó wà níbẹ̀ kò yíjú. Mo bọ́ síta láìwọ bàtà, mo gba ilé ìyá tó ta lẹ́ńsì náà fún mi lọ.

Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo rojọ́ fún un, kò sì dà bí ẹni tí ẹnu yà.

"Láti ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ ìpadàbọ̀?" ó bi mí.

"Láti òpin, ìyá."

"Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ láti òpin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀."

"Ta ni bàbá yà?"

"Ìyàwó rẹ̀."

"Ẹ̀yin nìyẹn."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ẹni tó ti òpin dé ni mí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá a gbé. Mo dáná fún un, mo fọ aṣọ rẹ̀, mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò lè dìde mọ́. Mo rántí ọ̀nà jíjìn yẹn. Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí ìró. N kò rántí ìgbéyàwó kankan. Lọ́jọ́ tó máa kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Ẹ ṣeun, ìyá. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i.'"

Mo bi í pé, "Obìnrin yẹn wá ńkọ́?"

"Ó wà lọ́hùn-ún. Ó máa ń pè mí. Ó ní kí n kúrò nínú ilé òun." Ó gbé ojú sókè. "Mo rò pé bí lẹ́ńsì bá kúrò nílé, á dákẹ́. Kò dákẹ́. Má bínú, ọmọ mi."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Lọ jókòó dè é. Á dé."

Mo mú òòlù ní ọjọ́ yẹn, mo fọ́ lẹ́ńsì náà sí wẹ́wẹ́. Kò dá ohunkóhun dúró. Lójoojúmọ́ ni ẹni orí àga ń tóbi sí i. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún láti ìgbà tí mo bá a lórí àga, mo rí i pé obìnrin ni. Ní ogúnjọ́, mo mọ aṣọ rẹ̀. N kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Bí yàrá bá parọ́rọ́ ní ọ̀sán, mo máa ń gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn tó ti há, tó ń bèèrè bóyá irun òun dára báyìí, bóyá kí òun má mira síbẹ̀. Mo ń dá a lóhùn. N kò rò pé ó ń gbọ́.

Lónìí tó jẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógójì, ẹni náà jókòó ní mítà méjì gẹ́lẹ́. Ojú ìyàwó mi ni, àpá abẹ́rẹ́ tó wà ní àtàǹpàkò ìyàwó mi wà ní tirẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo fèrèsé, ó wá wò mí, bí àlejò ṣe ń wo onílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ta ni yín?"

Ohùn tó wà lọ́hùn-ún ń pè mí lọ́wọ́ nígbà yẹn. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

"Ọkọ rẹ ni mí," mo ní.

Ó rò ó díẹ̀. "Ó dáa," ó ní, ó sì bi mí ibi tí òun lè gbé ọwọ́ òun lé.