Béárìn Ọwọ́ Òsì

"Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kó o tó sọ fún mi pé ó dára."

Ọ̀gá ti wọ bàtà tán nígbà tó sọ ọ́. Ẹ́ńjìnì alùpùpù nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò wa wà lórí tábìlì níwájú mi, a ti là á sí méjì bí igbá àti ọmọrí rẹ̀. Kiránkì, irin wíwúwo tí písítìn ń yí, la ti yọ kúrò láàárín. Béárìn méjì, òrùka irin tí àwọn ọmọ irin róbótó ń yí nínú rẹ̀, ló ń gbé e ró, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ọ̀kan bá jẹ, kiránkì á máa mì, ẹ́ńjìnì á máa kùn, títí di ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ á há pa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Ọ̀gá. Nílé, Bàbá ni mò ń pè é. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá ni. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Fọ̀ọ́gbẹ, nítorí kò sí béárìn àtijọ́ tó ń padà sínú ẹ́ńjìnì lọ́dọ̀ rẹ̀ tí a kò kọ́kọ́ yọ, kí a fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, kí a sì sá a títí ọ́ìlì inú rẹ̀ á fi tán. Lẹ́yìn náà la ó gbé e sẹ́bàá etí, a ó sì fi ìka kan yí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá á wá béèrè pé, "Kí ló sọ?" Bó bá dára, ìdáhùn wa ni pé kò sọ nǹkan kan. Ó máa ń wí fún wa pé ọ́ìlì a máa bo àléébù. Béárìn tó ti jẹ, bí ọ́ìlì bá wà lára rẹ̀, á yí bíi tuntun. Gbígbẹ ló ń sọ òótọ́.

Lọ́jọ́ náà, tọ̀tún ti jẹ gbangba. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti yọ ọ́. Ó gbé igbá ẹ́ńjìnì ka orí sítóòfù títí irin fi gbóná tó sì fẹ̀, ó sì ki béárìn tuntun bọ inú rẹ̀. Kò fi òòlù kàn án. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tòsì ló kù. Tuntun kan wà nínú páálí fún un, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò fẹ́ràn ìfiṣòfò: bí ti àtijọ́ bá dára, kó padà sáyè rẹ̀, bí kò bá dára, ká pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti wá pè é síbi ọkọ̀ kan tó kú sọ́nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi nìkan ló fi yíyẹ̀wò lé lọ́wọ́.

Kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀rẹ́ mi fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìwé wa ń gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án yẹn, ó sì ti gba àyè dè mí.

"Ìwọ àti irin yìí," ó ní, "ìgbà wo lẹ máa ṣègbéyàwó gan-an?"

Mo sọ fún un pé ó ku béárìn kan. Ó béèrè bóyá ó ń yí. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ níbi tó wà nínú igbá, tọ́ìlì tọ́ìlì. Ó yí wẹ́rẹ́.

"Ó ń yí, o tún fẹ́ fọ̀ ọ́. Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ fi sè ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Láti yọ ọ́, mo ní láti gbé igbá kaná, kí n dúró, kí n fọ̀, kí n tún dúró. Ó máa gbà tó wákàtí kan, bọ́ọ̀lù ò sì ní dúró dè mí. Mo nu ọwọ́ mi, mo tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá ti dé kí n tó padà. Ó béèrè ohun tí tòsì sọ.

"Kò sọ nǹkan kan, sà."

"O fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́, ó gbẹ."

Ó mi orí pé ó dára. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ́ńjìnì náà padà, ó sì ń fún bóòtù kọ̀ọ̀kan pọ̀ nígbà tó sọ pé ọwọ́ mi ti ń di ọwọ́ oníṣẹ́. Mo wo ilẹ̀. Ilé ìwé wa ló borí nínú bọ́ọ̀lù náà. N kò rántí mọ́ iye tá a fi borí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ rìn dé. Àwọn ọkùnrin méjì ló ń ti alùpùpù náà bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ funfun rẹ̀ ti ya lórúnkún, ẹrẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn. Kò pariwo. Ó sọ fún Ọ̀gá pé lórí òkè ni ẹ́ńjìnì ti ké lẹ́ẹ̀kan, tí táyà ẹ̀yìn dúró gbọn-in, tó sì gbé òun ṣubú. Obìnrin tó ń rọbí ọmọ àkọ́kọ́ lòun ń lọ bá. Òun gbé alùpùpù jù sẹ́bàá ọ̀nà, òun sáré.

"Nígbà tí mo dé, ọmọ ti wáyé," ó ní, "ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára ìyá rẹ̀. Ká ní mo tètè dé ni, ìbá ti dá. Ó ti wà nílé ìwòsàn ńlá báyìí. Kò tíì lajú."

Ọ̀gá ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, níwájú obìnrin tí ó tó bí lọ́mọ.

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló tú u, ọwọ́ mi ló tò ó. Ẹ̀bi mi ni."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Èmi dúró pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Irọ́ kejì ni mò ń wá: pé irin kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó jẹ. Ìyẹn ló ń tì mí lójú jù títí dòní. Àgbàlagbà wà nílẹ̀ nítorí mi, mo ṣì ń wá ibi tí màá sá sí.

Ọ̀gá tú ẹ́ńjìnì náà lójú gbogbo wa. Ó yọ béárìn tòsì. Irin tó há àwọn ọmọ róbótó inú rẹ̀ mọ́ àyè wọn ti já. Ó wò ó pẹ́. Ó wo tuntun tó ṣì wà nínú páálí. Kò wò mí. Ó na ti àtijọ́ sí mi.

"Fọ̀ ọ́."

Mo fọ̀ ọ́. Mo sá a. A dúró títí ó fi gbẹ. Mo gbé e sẹ́bàá etí, mo yí i, ó sì ń rún bí òkúta lábẹ́ eyín.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní mi ò fọ òun."

Mo wá kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, tọ̀rẹ́ mi, ti bọ́ọ̀lù, ti irọ́ tí mo pa. Nọ́ọ̀sì kọjú sí ògiri. Ọ̀gá jókòó sórí àpótí, àárẹ̀ sì hàn lójú rẹ̀.

"Èmi náà jẹ̀bi," ó ní. "Mo béèrè, n kò wò."

Ó ní kí n gbé igbá kaná. Ó jókòó tì mí títí béárìn tuntun fi wọlé sáyè rẹ̀ láìsí òòlù. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé fún oṣù mẹ́ta, fífọ̀ nìkan niṣẹ́ mi. N kò gbọdọ̀ to ohun kankan.

Ọjọ́ kẹta ni obìnrin náà lajú. Nọ́ọ̀sì mú mi lọ bá a. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ rẹ̀ wà lápá rẹ̀, ó sùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni kò yẹ béárìn wò.

"Kí ni wọ́n ń pè ní béárìn?" ó béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo sọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ àti bó ṣe máa ń pẹ́ tó.

"Wákàtí kan péré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Nítorí bọ́ọ̀lù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò bú mi. Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì yíjú sí fèrèsé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé, tẹ́ ẹ sì ń kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ tí a kò ṣe, tí a sọ pé a ti ṣe, kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí ló máa ń bá a pàdé lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ ti ṣe é, tí ẹ kò sì tíì ṣe é, ẹ sọ pé, "Rárá, sà." Ìtìjú rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Tèmi kò tíì tán.