Ta Ni Yóò Di Àlùmọ́gàjí Mú?

"Ọrùn ẹ̀wù yìí mà jókòó o! Ṣé àbúrò Abẹ́rẹ́ ló rán an lóòótọ́?"

Ọ̀rọ̀ oníbàárà náà gún Abẹ́rẹ́ láyà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó ti ń kọ́ṣẹ́, òun náà ló mú àbúrò rẹ̀ obìnrin wá. Ní báyìí tí àwọn ọmọṣẹ́ fẹ́ dìbò yan olórí wọn, orúkọ àbúrò ló gba ẹnu gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, olórí ọmọṣẹ́ nìkan ló ń di àlùmọ́gàjí ńlá mú, tó ń gé aṣọ oníbàárà. Ohun tí Abẹ́rẹ́ ń lá lálàá nìyẹn.

Ó yọ́ lọ bá ọ̀gá wọn nídìí ẹ̀rọ.

"Mọ̀mí, àbúrò mi ò tíì pé ọdún kan níbí o. Kò lè dupò."

Ọ̀gá ronú díẹ̀. "Òótọ́ ni. Òfin wa nìyẹn."

Ìyẹn kò tẹ́ Abẹ́rẹ́ lọ́rùn. "Kó má wulẹ̀ dìbò náà, Mọ̀mí."

"Èwo tún nìyẹn? Ẹ̀tọ́ láti dupò lọ́tọ̀, ẹ̀tọ́ láti dìbò lọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ ká yan òun gbọ́dọ̀ pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ránṣọ níbí ló lè yan ẹni tó wù ú. Ọmọ ìyá ẹ lo fẹ́ pa lẹ́nu mọ́ yẹn?"

Àbúrò wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí wọ́n ti ń wọ aṣọ wò. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Abẹ́rẹ́ àti ọmọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Òpó ló dupò. Ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Ìlà méjèèjì dọ́gba. Ó wá ku àbúrò nìkan.

"Máa bọ̀, ọmọ ìyá mi," Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín sí i.

"Àǹtí mi ló ní kí n má dìbò," àbúrò dáhùn. "Ẹ̀tọ́ tí wọn ò fẹ́ kí n ní, ṣé òun náà ni kí n wá fi gbè wọ́n?"

Ó lọ dúró sẹ́yìn Òpó.

Ọ̀gá gbé àlùmọ́gàjí lé Òpó lọ́wọ́. Omi lé ròrò sójú Abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí kò tíì lè dupò ṣì lóhùn láti yan ẹlòmíràn. Owú ni kò jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ fi ohùn yẹn sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì pàdánù ohùn náà.