Apá Ta Ni O Wọ̀n?

"O tún gbé nǹkan yẹn dé," ni Àjàmú wí, ó sì ká apá rẹ̀ mọ́ra. "Gbé e kúrò lójú mi."

Suwaibat, ọmọ rẹ̀ tó ń múra ìdánwò àṣekágbá ní girama, kò kúrò. Nọ́ọ̀sì Philomena ní ilé ìwòsàn Amùkòkò ló yá wọn ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, pé kó máa wọn bàbá rẹ̀ láràárọ̀, kó sì máa gbé ẹ̀rọ náà, tó ń tọ́jú iye tó bá kà, wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni nọ́ọ̀sì yóò fi mọ̀ bóyá kí òun pààrọ̀ oògùn. Àjàmú ní iṣẹ́ ẹrù rírù ní èbúté Kírìkìrì kò jẹ́ kí òun ráyè lọ fúnra òun. Àwáwí lásán. Kò lo oògùn mọ́ ni. Oògùn náà ń mú un tọ̀ ṣáá, àwọn alábàárù ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní Bàbá Ìtọ̀. Olórí kunkun ni ọkùnrin yìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Bàbá, kí wá ni kí n fi han nọ́ọ̀sì?"

"Ṣé ìwọ ò lápá ni? Wọn ara rẹ. Bí o bá sì tú àṣírí mi fún obìnrin yẹn, má pè mí ní bàbá mọ́."

Inú bí Suwaibat, ẹ̀rù sì bà á. Ó wé ẹ̀rọ náà mọ́ apá ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Philomena wo ojú ẹ̀rọ. "Oògùn yìí ti ń ṣiṣẹ́. A ò ní pààrọ̀ rẹ̀." Suwaibat gba ẹ̀rọ náà, ó sì gba ilé lọ.

Kò pẹ́ tí Lucky, tí wọ́n jọ ń ru ẹrù, fi gbé Àjàmú wọ ilé ìwòsàn náà. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún sì ń fì dirodiro. Philomena kọjú sí Suwaibat, tó sáré tẹ̀lé wọn wọlé.

"Ẹ̀rọ mi kì í purọ́. Apá ta ni o wọ̀n?"

"Tèmi ni, mà. Wọn ò lo oògùn yẹn, ó ń mú wọn tọ̀."

"Oògùn tí kì í mú èèyàn tọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Ṣé mo lè mọ ohun tí ẹ ò sọ fún mi ni? O bò mí lójú, mo wá ń yọ̀ lórí òfo." Suwaibat bú sẹ́kún, Philomena kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó kọjá lọ tọ́jú Àjàmú.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, àmọ́ ẹ má bá wọn parọ́ fún ẹni tó fẹ́ wò wọ́n sàn, torí ara aláìsàn ló máa san án.

Nígbà tí wọ́n gbé Àjàmú padà sílé, Suwaibat kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Ojú bàbá ṣì le koko, kò bẹ ọmọ, kò sì kí i. Ó kàn na apá òsì, èyí tó kù fún un.

"Tèmi," ló fi ẹnu wíwọ́ sọ. "Tèmi ni kó o wọ̀n."