Ìwé Kọkànlélọ́gbọ̀n Alhaji Kàbírù

Ọgbọ̀n ìwé ló kù lórí pẹpẹ, ọ̀kan ṣoṣo ni olè mú lọ. Ohun tó kọ́kọ́ ya Inspẹ́kítọ̀ Morónkẹ́ Oyèníran lẹ́nu nìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó dé ilé Alhaji Kàbírù ní Aylesbury Estate, ní London. Gbogbo ìwé náà ló jọra, dúdú ni wọ́n, kò sí ọdún tàbí orúkọ kankan lára wọn, eruku tó bò wọ́n kò sì yẹ̀ rárá. Olè tó wọlé yìí kò ṣí ìkankan wò kó tó mú èyí tó ń fẹ́. Àwọn olè Peckham tí Morónkẹ́ mọ̀, fóònù àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jí. Olè tó fẹ́ràn ìwé kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀ rí.

Alhaji jókòó sórí àga, ó wọ kóòtù nínú ilé bí ẹni tó fẹ́ jáde. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Scotland wo àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní gúúsù London, ọdún kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwé dúdú tó ń kọ ohun tó bá rí sí. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ náà máa ń ṣa ọmọ mẹ́rin láti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì káàkiri, wọ́n á sì sọ wọ́n di agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹun nídìí ẹ̀. Rìpọ́ọ̀tù Alhaji ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọn yóò mú ní apá ibí. Òun àti kọ̀mpútà kì í ṣọ̀rẹ́. Báírò ló fi ń kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ náà, lẹ́tà ńlá gàdàgbà-gàdàgbà tí ẹnikẹ́ni lè fara wé, láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, á sì fi í sínú àpò ìwé, á lọ sọ ọ́ sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, rìpọ́ọ̀tù kan dé Scotland lórúkọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má mú Nasrullah, ọmọ ọdún méjìdínlógún tí gbogbo ayé ti gbà pé wọn yóò mú. Ẹgbẹ́ náà fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Wisdom, akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wisdom àti Mìsítúrà, ìyá ọmọ náà, sì gbé e lọ bá Alhaji. Alhaji wò ó, ó ní òun kọ́ lòun kọ ọ́. Ó ní ẹnì kan ló wọlé nígbà tóun lọ kírun Alaasárì, tó jí ìwé tọdún yìí àti fọ́ọ̀mù lọ, tó sì fi orúkọ òun parọ́. Wisdom ló pe ọlọ́pàá. Bó bá fi di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí wọn kò rí òkodoro ọ̀rọ̀, orúkọ mẹ́rin náà á ti pé, ọmọ tí wọn kò bá mú ní méjìdínlógún kò sì ní ọdún mìíràn níwájú.

Morónkẹ́ bi í pé kí ló dé tí kò ti ilẹ̀kùn.

“Ta ló kù tí yóò wọlé?” ni Alhaji fi dá a lóhùn.

Òótọ́ ló sọ. Council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ti kó gbogbo ará àjà náà lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì ti fi irin dí ilẹ̀kùn wọn pa. Iná kan ṣoṣo ló kù tó ń tàn níbẹ̀. Morónkẹ́ náà ń dá gbé ní Catford láti ìgbà tí Yọ̀mí ọkọ rẹ̀ ti kú, Rahmah ọmọ rẹ̀ sì wà ní Australia, ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń pè. Ó bi Alhaji pé kí ni òun fúnra rẹ̀ rí lára Nasrullah. Ọkùnrin tí wọ́n ní ó lè fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ òsì ọmọ kan kàn ní, “Ọmọ náà dára.”

Abdulbasit ni Morónkẹ́ kọ́kọ́ lọ bá, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe ní Rye Lane. Bí wọn kò bá mú Nasrullah, Waris ọmọ Abdulbasit ni wọn yóò mú, ẹnu Peckham kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Abdulbasit kò gbé ojú kúrò lára fóònù tó tú sílẹ̀.

“Inspector, ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo fẹ́ kí wọ́n mú Waris. Ṣùgbọ́n mi ò jalè.”

Morónkẹ́ ní kó sọ àléébù Nasrullah fún òun. Ọkùnrin náà ronú títí, kò rí nǹkan kan sọ. Kò tilẹ̀ mọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Waris, ogún ìṣẹ́jú ló fi sọ ọ́ láìmí, Morónkẹ́ ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mìsítúrà ń múra ibi iṣẹ́ nígbà tí Morónkẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Wisdom ti sọ fún Morónkẹ́ pé obìnrin náà sunkún nígbà tó gbọ́ Scotland, Morónkẹ́ kò sì fi pamọ́ fún un.

“Mo sunkún o,” ni Mìsítúrà wí. “Èmi àti òun nìkan la wà nínú flat yìí. Tó bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀, fridge? Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo ra bag tó máa gbé lọ. Ẹ lọ wò ó nínú room ẹ̀.”

Báàgì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ti di ẹrù sínú rẹ̀ dáadáa. Mìsítúrà ní òun kò tíì ráyè wo eré kankan lọ́dún yìí, nítorí Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù, Ọjọ́rú sì ni shift òun tó gùn jù. Ó ní Alhaji ló ń bá òun wo ọmọ. Ní Ọjọ́bọ̀, òun máa ń bu oúnjẹ fún Nasrullah gbé lọ fún bàbá náà, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, Morónkẹ́ mú ẹ̀dà rìpọ́ọ̀tù náà lọ sí pápá Peckham Rye, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú òjò wínníwínní. Ó ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Méjì kò ní láárí, pé ọmọ náà kò lágbára tó, pé kì í gbọ́ràn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ lè kọ ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni kò jẹ́ kó sùn. Ó ní nígbàkúùgbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde, ojú Nasrullah máa ń kúrò lórí pápá, pé ọkàn rẹ̀ kò sí nínú eré.

Ó kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn ilé bọ́ọ̀lù, láàrin àwọn òbí. Kò rí nǹkan kan. Ó lọ dúró ti Wisdom lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àárín. Ẹ̀yìn ọmọ náà nìkan ló ń rí níbẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá ti jáde. Wisdom búra pé òun ti kọ́ Nasrullah fún ọdún méjì, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Morónkẹ́ wá rọra yí pápá ká lọ sí òdì kejì, sí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi. Ibẹ̀ ni Alhaji máa ń dá jókòó sí, nítorí bó bá jókòó láàrin èrò, àwọn bàbá ọmọ á máa sọ̀rọ̀ sí i létí. Bẹ́ǹṣì náà tutù. Morónkẹ́ jókòó sí i bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù jáde. Nasrullah gbé orí sókè, ó sì wò ó tààrà lójú. Bọ́ọ̀lù tún jáde, ọmọ náà tún wò ó. Ìgbà méje ni kí eré tó parí, kò sì sí ẹlòmíràn ní pápá tó lè rí ojú ọmọ náà, àfi ẹni tó bá jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí eré parí, Morónkẹ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í léèrè. Ojú ti Nasrullah.

“Aunty, it's not like that. Last winter, Alhaji ṣubú lórí bench yẹn. Nobody saw. Àfìgbà tá a parí game. So tí ball bá ti jáde, mo kàn máa ń check pé wọ́n ṣì jókòó dáadáa. Even today, mo mọ̀ pé wọn ò wá, mo ṣì ń wò. Habit, innit.”

“Ṣé o ti sọ fún wọn rí?”

“Nah. Ojú máa tì wọ́n.”

Morónkẹ́ wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, kò sì ṣáná sí i fún ìgbà pípẹ́. Ó ti mọ ẹni tó kọ rìpọ́ọ̀tù náà, inú rẹ̀ kò sì dùn rárá pé òun mọ̀ ọ́n.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó padà sí Aylesbury. Alhaji ṣì wọ kóòtù. Morónkẹ́ tẹ́ ẹ̀dà rìpọ́ọ̀tù náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

“Alhaji, ẹ má bínú. Ta ló máa ń jókòó tì yín lórí bẹ́ǹṣì yẹn?”

“Kò sẹ́ni.”

“Ẹni tó kọ èyí, orí bẹ́ǹṣì yẹn ló jókòó sí.” Ó rọra ṣàlàyé fún un, ohùn rẹ̀ kò ga. Abdulbasit kò ní ojú fún ọmọ mìíràn yàtọ̀ sí ọmọ tirẹ̀. Mìsítúrà kò tíì dé pápá lọ́dún yìí. Ẹ̀yìn ọmọ ni Wisdom ń rí. Olè tí wọ́n sọ pé ó wọlé kò fọwọ́ kan eruku. “Ohun tó wá jẹ́ kó dá mi lójú ni pé ẹni tó ń parọ́ lásán, ẹ̀sùn méjì àkọ́kọ́ á ti tó o. Ẹ̀yin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ ti ń kọ ohun tí ojú yín bá rí. Ọwọ́ yín kọ̀ láti fi ìwé ránṣẹ́ láìsí ohun kan tí ẹ rí ní tòótọ́ nínú rẹ̀.”

Alhaji ki ọwọ́ sínú kóòtù, ó fa ìwé dúdú náà yọ, ó sì ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú gbogbo ọmọ tí òun ti wò, kò sí èyí tó tó Nasrullah.

“Mo fẹ́ jó o,” ó ní. “Mi ò lè jó o.”

“Kí ló dé, Alhaji?”

“Ọjọ́bọ̀ lọmọ yẹn máa ń wá. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù, mo máa ń retí Ọjọ́bọ̀ ni.” Ó nu ojú rẹ̀. “Mo rò pé wọ́n á mú un lọ́dún tó ń bọ̀.”

“Ẹ mọ̀ pé kò sí ọdún tó ń bọ̀.”

“Mo mọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé rìpọ́ọ̀tù náà dúró níwájú mi, ẹnu mi kò lè jẹ́wọ́, ni mo bá ní olè ni. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.”

Morónkẹ́ bi í pé kí ló rò pé ọmọ náà ń wò. Alhaji ní báírò ọwọ́ òun ni, pé gbogbo ọmọ ló máa ń wo báírò ẹni tó ń kọ nípa wọn. Nígbà tí Morónkẹ́ wá sọ ohun tí Nasrullah sọ fún un, bàbá náà dorí kodò, ó sunkún láìpariwo, Morónkẹ́ kò sì mọ ibi tí yóò gbé ojú rẹ̀ sí.

Bẹ́ẹ̀ ni Nasrullah ṣe wọlé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Alhaji kì í ti ilẹ̀kùn, wọn kò sì mọ bó ṣe pẹ́ tó tó ti dúró síta. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti gbọ́ èyí tó pọ̀. Alhaji kò bẹ̀ ẹ́. Ó gbé fóònù, ó pe Scotland lójú rẹ̀, ó ní òun ni òun kọ rìpọ́ọ̀tù náà, irọ́ ni, kí wọ́n mú ọmọ náà, ọlọ́pàá yóò sì fi ẹ̀dà ohun tó wà nínú ìwé dúdú òun ránṣẹ́ sí wọn kí ọjọ́ náà tó parí. Àwọn ará Scotland dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òótọ́ tó sọ, wọ́n sì ní iṣẹ́ rẹ̀ parí lónìí. Nasrullah gbé abọ́ sórí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó yíjú padà, ó sì lọ láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Wọ́n mú un. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross, ìyá rẹ̀ sì sin ín débẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Morónkẹ́ mú ìwé ìkìlọ̀ lọ fún Alhaji láti buwọ́ lù, nítorí ó fi àkókò ọlọ́pàá ṣòfò. Bàbá náà kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kò bá a jiyàn.

“Ṣé ó béèrè mi kó tó lọ?” ó bi í.

Mìsítúrà ti sọ fún Morónkẹ́ pé ọmọ náà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Alhaji sétí mọ́.

“Ó béèrè yín,” ni Morónkẹ́ wí.

Alhaji wo ojú rẹ̀.

“Inspector, ẹ ò mọ irọ́ pa,” ó ní. “Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó, mo fẹ́ po tíì.”

Kò sí ẹni tó ń retí Morónkẹ́ ní Catford. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì jókòó.